Fíìmù Olórin Tí Mo Mú Ẹ̀gbọ́n Lọ Wò

Títí dòní, òórùn gúgúrú tí wọ́n fi bọ́tà yan máa ń ba ọkàn mi jẹ́. Ilé sinimá wà lókè pátápátá nínú mall tí mo ti ń ṣe sìkiọ́rítì ní Dubai, òórùn náà á sì máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi níbi tí mo dúró sí nísàlẹ̀, nídìí àtẹ̀gùn tó ń gbé èèyàn gòkè fúnra rẹ̀. Àwọn ẹlòmíì á fa imú, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fa ọmọ wọn lọ́wọ́ gòkè. Èmi á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti bẹ ọ̀gá wa lẹ́ẹ̀mejì pé kó gbé mi lọ síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí níta, nínú oòrùn tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ lọ. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ọmọ ilẹ̀ ibòmíì ni, kò lè yé e. Ìwọ tí o mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa ni mo lè sọ ọ́ fún.

Nígbà yẹn, àwa mẹ́fà là ń gbé yàrá kan ní Al Taawun, ní Sharjah, lórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ló ni ìsàlẹ̀, èmi ni mò ń sùn lókè wọn. Tí mo bá yí padà lójú oorun, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ta pákó bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n á ní, "Erin, rọra." A kì í ṣe ọmọ ìyá, a kì í ṣe ará ìlú kan náà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tí a fi gbé pọ̀ ti so wá pọ̀. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìrẹsì àwọn ará India se jọ̀lọ́ọ̀fù tí kò ní dà bí oúnjẹ aláìsàn. Àwọn ló bá mi jókòó lọ́jọ́ tí ìyàwó mi bí ọmọ wa kejì tí mi ò sí nílé, tí mo ń yọ̀ tí mo tún ń sunkún. Wọ́n ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó sísàlẹ̀ ilé gogoro kan, kí wọ́n máa kọ orúkọ àlejò sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n olórin ni wọ́n kó tó di pé wọ́n ń kọ orúkọ àlejò. Orin country ni tiwọn, orin àwọn òyìnbó darandaran tó máa ń fi gìtá sunkún obìnrin, èyí tí rédíò fi ń jí àwọn bàbá wa láàárọ̀ Sọ́ńdè. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Iléṣà ni wọ́n ti ń kọ ọ́, wọ́n á dé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ tí àwọn darandaran náà máa ń dé, wọ́n á wá máa fi ẹnu Ìjẹ̀ṣà kọrin lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó wọn ti rí wọn. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé orí ọkùnrin náà ò pé ni, kí òun tó mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ti wọ òun lára. Gìtá tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí mo mọ̀ wọ́n, ọwọ́ ọmọ Philippines kan tó ń padà sílé ni wọ́n ti rà á. Okùn kan ti já lára rẹ̀, wọ́n sì kọ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn náà ti fi eyín kan sílẹ̀ ní Iléṣà, ó parí.

Ìwọ náà mọ̀ pé ìpè ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé ní orílẹ̀-èdè yìí, voice note la fi ń bá ilé sọ̀rọ̀, nítorí káàdì ìpè wọ́n jù. Ojú fóònù ẹ̀gbọ́n ti fọ́ yánnayànna, nítorí náà fóònù tèmi ni wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ fún ìyàwó wọn. Ní gbogbo ọ̀sán Fúráìdè, wọ́n á jókòó sórí àpótí ní bákónì, láàárín aṣọ tí a sá, èmi á na fóònù sí wọn lẹ́nu, wọ́n á kọrin, èmi á fi ránṣẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lèyí tí wọ́n ṣe nígbà tí ọjọ́ ìpadàsílé wọn ti ń sún mọ́lé:

Gbé àga síwájú ilé,
mo ń bọ̀, mi ò ní pẹ́ dé.
Bí o bá rí eruku lọ́nà,
má bi ẹnikẹ́ni, èmi ni.

Kọ́ńtíráàtì wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó parí, ilé iṣẹ́ wọn ò sì ní tún un ṣe mọ́ nítorí ọjọ́ orí. Ẹ̀gbọ́n ò bínú sí i rárá. Wọ́n ń lọ sílé pátápátá, wọ́n ń lọ bá ìyàwó wọn jókòó. Àsìkò yẹn ni ọmọ wọn obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n bí, pè mí ní ìdájí. Tíṣà ni ní Ìbàdàn, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, Bọ̀dá ló máa ń pè mí.

"Bọ̀dá, Mọ́mì wà ní ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, kí Dádì má gbọ́."

"Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Kíndìnrín ni, sà. Dókítà ní wọ́n máa gbádùn. Ẹ ṣáà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́sí."

Mo rántí. Lọ́dún tó ṣáájú, ìbátan wọn kan tí kò ní sùúrù pè láti ilé, ó já ikú àbúrò wọn ọkùnrin lù wọ́n lórí fóònù bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n ṣubú lulẹ̀ níbi iṣẹ́, lórí táìsì ilẹ̀, ìwé orúkọ àlejò ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wọn ní kí n pa á mọ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀, kò ní tẹnu mi jáde."

Kí ló tún yẹ kí n sọ? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. A kì í túfọ̀ òkú fún ẹni tó wà lájò. Bí èèyàn bá kú, a ní ara ẹ̀ ò yá. Bí ara ẹ̀ ò bá yá, a ní ó ń sinmi. Ìdí nìyẹn tí ará àjò fi máa ń gbọ́ pé orí ń fọ́ ìyá òun tí á sì bú sẹ́kún. Ìfẹ́ ni, mi ò sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n pé fóònù ìyàwó wọn bọ́ sómi, pé kí wọ́n máa fi orin ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ wọn, yóò máa gbé e fún Mọ́mì. Ẹ̀gbọ́n gbà. Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní obìnrin yẹn ò mọ nǹkan lò láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ẹ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀gá wa fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì sinimá méjì. Mo wo àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: bàbá òyìnbó kan, fìlà fẹ̀ǹfẹ̀, gìtá lẹ́yìn, ojú ọ̀nà gígùn níwájú. Inú mi dùn bí ẹni tó he owó. Ta ni mo tún fẹ́ mú lọ bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n? Mi ò béèrè ohun tó wà nínú fíìmù náà. Mo rí fìlà, mo rí gìtá, ó tó.

Ọ̀sán Fúráìdè la lọ. Ẹ̀gbọ́n lọ aṣọ wọn, wọ́n sì yọ fìlà Iléṣà yẹn jáde látinú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti ká kò bí ewé gbígbẹ. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí ìdíkọ̀ metro, ọkùnrin ará Pakistan kan ń wò wọ́n ṣáá. Nígbà tó yá ó ní, "Very nice hat, habibi." Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà fún un bí olóyè. Wọ́n ní, "Shukran. You should have seen me in those days." Mo ra gúgúrú ńlá kan fún wọn. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó má bàa tán kíákíá.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Bàbá inú fíìmù náà ti darúgbó, ohùn rẹ̀ ti ń wó, ó wá ń gbé ọkọ̀ àtijọ́ kan kiri láti ìlú dé ìlú láti kọrin fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní ìgbà ìkẹyìn. Ẹ̀gbọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Wọ́n á yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí, "Wo ìka ẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń ta gìtá yẹn, irọ́ ni." Wọ́n á tún ní, "Ṣùgbọ́n ó gbìyànjú." Nígbà tí fíìmù dé ìdajì, wọ́n fi ilé olórin náà hàn. Ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ọkùnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bá ara wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n má tíì sọ fún un, kó parí ìrìn àjò rẹ̀ ná. Mo rò pé àwa Yorùbá nìkan la máa ń ṣe é.

Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Mi ò wo ojú wọn, ojú àwòrán nìkan ni mò ń wò, bẹ́ẹ̀ mi ò rí nǹkan kan. Bàbá inú fíìmù náà ń kọrin, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ó ń pe ilé, wọ́n ń sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Nígbà tó délé, ajá ló jáde wá pàdé rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú ilé, gìtá lórí itan, kò ta á. Ibẹ̀ ló parí sí.

Iná tàn. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ti wọlé, àwọn èèyàn ń jáde. Ẹ̀gbọ́n ò dìde. Gúgúrú ṣì kún ìdajì lórí itan wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú níbi ọrùn ọwọ́, wọ́n sì yíjú sí mi.

"Àbúrò, wò mí. Ṣé nǹkan kan ń ṣe ìyàwó mi?"

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Háà, ẹ̀gbọ́n! Fíìmù lásán lẹ ń wò o."

"Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ìwọ ni mò ń bi."

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Ó dà bí ẹni pé mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo tún rí wọn lórí táìsì lọ́dún tó kọjá, mo rí ìlérí tí mo ṣe fún ọmọ wọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, kò sí nǹkan kan. Kí nǹkan ṣe Mọ́mì, kí n má sọ fún yín? Èmi?"

Wọ́n tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Khalas," ni wọ́n wí. "Tó bá jẹ́ ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀, ó ti tán." Wọ́n dé fìlà wọn, a sì lọ wọ metro.

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé wọ́n gbà mí gbọ́. Tí wọ́n bá ṣiyèméjì, wọn ì bá ra káàdì, wọn ì bá pe ará àdúgbò kan ní Ìbàdàn, wọn ì bá pariwo. Wọ́n délé, wọ́n ní kí n gbé fóònù wá, wọ́n sì kọ orin ẹ̀fẹ̀ kan pé kí ìyàwó àwọn má darúgbó kí àwọn tó dé o, nítorí àwọn ò lè fẹ́ obìnrin méjì, èyí tí àwọn fi sílẹ̀ àti arúgbó tí àwọn bá, ní ilé kan náà. A rẹ́rìn-ín. Mo fi ránṣẹ́.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni ọmọ wọn pè mí. Kò kí mi. Ó ní, "Bọ̀dá, Mọ́mì ti lọ." Ibi iṣẹ́ ni mo wà, nídìí àtẹ̀gùn yẹn, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan gúgúrú lókè. Nígbà tó sunkún tán, ó ní àwọn ẹbí ti pinnu pé kí òkú wà ní mọ́ṣúárì títí Dádì á fi dé, pé kí wọ́n dé ilé kí wọ́n tó gbọ́, níbi tí èèyàn á ti wà láti dì wọ́n mú. Ó ku oṣù kan. Irọ́ kan ti wà nílẹ̀, òmíì la tún fẹ́ gbé lé e.

Fúráìdè mẹ́rin ni mo tún fi na fóònù sí wọn lẹ́nu ní bákónì. Ọmọ wọn bẹ̀ mí pé kí n má fi ránṣẹ́ sí òun mọ́, òun ò lè gbọ́ ọ mọ́. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n bá kọrin tán, èmi á tẹ fóònù bí ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á bi mí pé, "Kí ló wí?" Èmi á ní, "Ó dùn mọ́ wọn, sà." Ìgbà mìíràn mo máa ń lọ sí ilé ìwẹ̀, mo máa ń ṣí omi sílẹ̀ kí n lè sunkún. Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ń kùn pé mo ń fi omi ṣòfò.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sí Deira lọ ra bàtà fún ìyàwó wọn. Ní ìsọ̀, ọmọ India tó ni bàtà bi wọ́n pé, "Which size, bhai?" Ẹ̀gbọ́n ṣí pọ́ọ̀sì, wọ́n yọ okùn dúdú kan jáde tí wọ́n so kókó sí ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n lọ sílé kẹ́yìn ni wọ́n fi wọn ẹsẹ̀ ìyàwó wọn níbi tó sùn sí, ó sì ti wà nínú pọ́ọ̀sì láti ìgbà náà. Wọ́n ń tẹ́ okùn náà sínú bàtà kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ kókó rẹ̀ mọ́ ìdí gìgísẹ̀. Èyí gùn. Èyí há. Nígbà tí wọ́n rí èyí tó ṣe déédéé, aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ojú wọn tàn. Wọ́n gbé e fún mi kí n wò ó. Mo ní ó dára. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí mo ṣe sọ ọ́.

Mo sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n fi gìtá sílẹ̀ fún mi, wọ́n ní kí n máa fi kọ́ ọwọ́. Bàtà ni wọ́n gbé lọ́wọ́, wọn ò jẹ́ kó wọ inú ẹrù. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní, "O ṣeun, àbúrò. Ìwọ lo jẹ́ kí ibí ṣeé gbé fún mi."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n pè mí, lẹ́yìn ìsìnkú. Mo ti ń gbé e kiri lọ́kàn, ohun tí mo máa sọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Wọ́n ní, "Ọjọ́ Fúráìdè la lọ wo fíìmù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Sọ́ńdè ló kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ mi ní ọjọ́ Sátidé ló gbé orin yẹn fún un, orin ẹ̀fẹ̀ yẹn. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, 'Orin ló ń kọ sí mi. Kí ló dé tí kò pè mí?'"

Mo bú sẹ́kún. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n wá ní, "Mi ò bá ẹ jà. Tó bá jẹ́ ìyàwó tìẹ ni, èmi náà á fi pa mọ́ fún ẹ. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn." Kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n tún sọ̀rọ̀ kan. "Bàtà yẹn bá a mu," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀."

Gìtá náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo fi aṣọ bò ó. Orin mẹ́rin tí kò dé ibi kankan ṣì wà nínú fóònù mi. Ẹ̀gbọ́n ò béèrè wọn, mi ò sì lè pa wọ́n rẹ́. Ọmọ wọn máa ń sọ fún mi pé wọn ò kọrin mọ́, pé wọ́n kàn máa ń gbé àga síwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́ ni.

Mo ti bá gbogbo ará ilé mi sọ ọ́ látìgbà náà pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sọ fún mi bó ṣe rí. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́. Mi ò gba ẹnì kankan nínú wọn gbọ́, nítorí mo mọ irú ohùn tí èmi náà fi búra. Nítorí náà káàdì ni mò ń rà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe ilé, mo ní kí àbúrò mi gbé fóònù fún ìyá mi. Ó ní wọ́n ń sùn. Mo ní kó lọ jí wọn. Ó ní ṣé orí mi pé, mo ní kó lọ jí wọn ni mo wí. Mo gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀, mo gbọ́ ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ìkùnsínú. Nígbà tó yá, ohùn ìyá mi wọlé, oorun ṣì wà nínú rẹ̀, inú ń bí wọn: "Kí ló dé tí o ò jẹ́ n sinmi? Èmi nìyí. Mo wà ńbí." Gbólóhùn kan péré yẹn ni mo fi du ẹ̀gbọ́n.